Àwo tí Èmi àti Ọkọ Mi Jọ Ń Jẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ebi ló le jù nínú kí ènìyàn fi ìyẹ̀fun òyìnbó rọ́pò oúnjẹ, ẹni náà kò ní orogún. Ebi a máa rẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó wọlé, inú á ti gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, á sì dákẹ́. Owú ni kì í dákẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Kétu, tí mo di ife kan mú, tí mò ń wo ọwọ́ obìnrin mìíràn nínú àwo mi.

Àwo náà kò ju àwo lọ. Tánńganran funfun ni, etí rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ara rẹ̀ sì ti ń ṣí níbi mélòó kan. Ìyá mi ló rà á fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé ọkọ. Nígbà yẹn, èmi àti ọkọ mi kò ní àwo mìíràn, inú rẹ̀ la ti jọ ń jẹun. A ó jókòó sórí ẹní, orúnkún wa á kan ara wọn. Nígbà tó yá, tí ọkọ mi di ẹni tó ń ra àgbàdo ní àwọn abúlé Adakplamè, tó ń kó o lọ sí ẹnubodè, àwo pọ̀ nílé wa débi pé à ń fi wọ́n bo ìkòkò. A kò torí ìyẹn fi àwo wa sílẹ̀. Bí a bá ti ń jẹun, yóò máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọ̀nà tó bàjẹ́, ìka rẹ̀ kan á sì máa ti ẹran sí ìhà ọ̀dọ̀ mi. Kì í wo ibẹ̀. Bí mo bá dá a padà, á tún tì í wá. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu, ẹran yẹn ló fi ń sọ ọ́.

Nígbà tó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó sí ìlú wa, ó pe àwa méjèèjì jókòó, ó ní ìdọ́gba ni òun máa fi ṣe ilé òun. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Aṣọ tó bá rà fún mi, irú rẹ̀ gan-an ló máa rà fún un, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọjọ́ méjì ni èmi máa dáná, ọjọ́ méjì ni òun máa dáná, ẹni tó bá sì dáná ló ni ọkọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé púpọ̀ ládùúgbò wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá kan ìyàwó, àwo ọ̀tọ̀ ló máa ń bu oúnjẹ sí fún un, á gbé e kalẹ̀, á kúnlẹ̀, á padà sí ilé ìdáná lọ jẹ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ọkọ mi kò sì pè é wá jókòó rí. Mo rí i pé kò pè é, mo fọkàn sí i dáadáa. A pín ọkọ, a pín aṣọ, a pín ọjọ́. Àwo yẹn nìkan ni a kò pín, òun ni mo sì fi ń rí oorun sùn lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ mi.

Mo sanra. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó má rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán jẹun, kutirié ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò, mo sì mọ ìbàdí mi ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni. Bí mo bá ń lọ lójú pópó, wọ́n á ní ọkọ mi ń tọ́jú mi, ọkọ mi á gbọ́, orí rẹ̀ á wú. Lẹ́yìn náà ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀, àti ìtọ̀ tí kò jẹ́ kí n jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn ní àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi òmíràn lé e. Nígbà tí wọ́n dárúkọ abẹ́rẹ́ gbígbà lójoojúmọ́, ọmọbìnrin mi tó wà ní Kútọnu ní kí n wá, pé dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn tí ara wọn ti pọ̀ jù.

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì gbọ́ èdè wa. Ó bi mí pé kí ni mo máa ń jẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó wá bi mí pé báwo ló ṣe máa ń pọ̀ tó.

"Èmi àti bàbá la jọ ń jẹ ẹ́," mo ní.

"Mo gbọ́, ìyá. Tiyín nínú rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe tó?"

Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń jẹun, n kò sì mọ bí oúnjẹ mi ṣe pọ̀ tó, nítorí n kò ní oúnjẹ tèmi rí. Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà.

"Ìyá, ẹni tó ń bá ènìyàn jẹ nínú àwo kan kò lè mọ ohun tó jẹ. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Inú bí mi sí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé bóyá kò ní ọkọ.

Ohun tó fẹ́ kí n ṣe kò le láti ṣàlàyé. Fún oṣù mélòó kan, n kò ní jẹ oúnjẹ kankan. Ìyẹ̀fun tó wà nínú àwọn àpò bébà pẹlẹbẹ, sáṣè ni wọ́n ń pè é, ni màá máa pò mọ́ omi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, màá sì máa mu omi púpọ̀ lọ́tọ̀. Ó ní gbogbo èròjà tí ara kò gbọdọ̀ ṣaláìní wà nínú rẹ̀, àmọ́ agbára oúnjẹ inú rẹ̀ kéré gan-an. Àròpọ̀ ti ọjọ́ kan kò tó ohun tí mo ń jẹ láàárọ̀ nìkan. Ara mi á wá máa jẹ ọ̀rá tó ti tò jọ fúnra rẹ̀. Ó ní ó máa ń mú kí ènìyàn fúyẹ́ kíákíá, ó sì lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nígbà mìíràn débi tí a ó fi pa oògùn tì. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe nílé. Lọ́jọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni òun máa dá ọ̀kan nínú oògùn ṣúgà mi dúró, tí òun sì máa dín ti ẹ̀jẹ̀ ríru kù, nítorí ẹni tó ń da oògùn ẹni tó yó sínú ikùn tó ṣófo lè ṣubú kó má dìde. Òun á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóòrèkóòrè. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ ṣe é, ẹni tó sì ní àìsàn ọkàn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Orí á fọ́ mi níbẹ̀rẹ̀, òtútù á máa mú mi, ìgbẹ́ á le, irun lè máa já, òkúta lè so sínú òróòro. Ó wá sọ èyí tó kẹ́yìn, tí n kò kà sí nígbà yẹn: pé sísọ ara kalẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́, kó má padà wá ni iṣẹ́. Ó ní bí mo bá padà sí bí mo ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, ara náà á padà wá bá mi, á sì mú ẹbí rẹ̀ dání.

Nígbà tí mo padà dé Kétu, ìdáná ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kò sí obìnrin tó lè se ọbẹ̀ láìtọ́ ọ wò, títọ́ ọbẹ̀ wò tèmi sì tó oúnjẹ ọmọdé. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò lè dúró ti ìkòkò. Ó ronú sí i, ó ní kí ìyàwó máa bá mi dáná lọ́jọ́ mi títí màá fi parí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta tó dárúkọ ohun tó so mọ́ ìdáná, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ mi ṣe bá ìkòkò lọ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí mi ń fọ́, ọyẹ́ sì wà lóde, mo da aṣọ bora lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ owú. Ebi wà nínú mi, owú sì rí àyè jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ ń ṣe fàájì. Lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹ́ tèmi, ọkọ mi ṣì ń ní kí wọ́n bu oúnjẹ òun sínú àwo wa. Òun nìkan á jókòó tì í, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife mi. Ọwọ́ rẹ̀ á ti ẹran sí ìhà tèmi, ẹran á dúró síbẹ̀, á wò ó, á wá mú un jẹ. Ó ní oúnjẹ ọwọ́ kan kì í lọ lọ́nà ọ̀fun. Inú mi dùn pé kò lọ. Mo fẹ́ kó há a lọ́fun díẹ̀ títí màá fi padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìyàwó lórí ẹní. Ọkà àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ́mà, wàgàsì, wàrà líle tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, sì wà nínú rẹ̀ ní díndín. Orúnkún rẹ̀ kan orúnkún ọkọ mi. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ ẹnubodè tí wọ́n tún tì, ìka rẹ̀ kan sì ń ti wàgàsì lọ sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wo ibẹ̀.

Mo kí wọn, wọ́n dáhùn. Mo wọlé, mo po sáṣè mi, mo mu ún. Owú tó mú mi lọ́jọ́ yẹn, bí a bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e, á jinná. Ká ní inú yàrá ni mo ti bá wọn, n kò ní bínú tó bẹ́ẹ̀, mo kúkú mọ̀ pé ọkọ mi ń wọ yàrá rẹ̀. Àwo ni n kò mọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń kan tánńganran, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bí mo bá jáde nísinsìnyí, tí mo jókòó, tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ta ni yóò lé mi? N kò jáde. Ojú mi tó ń padà bọ̀ sípò ni mo rò, àti abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ yẹn.

Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé rejíìmù náà, bí wọ́n ṣe ń pe ìṣẹ́ra-fóúnjẹ yìí ní Kútọnu, ń ṣiṣẹ́. Ìbàdí mi ń dín, okùn ìwọ̀n mi kì í parọ́ fún mi. Orúnkún mi kò dùn mọ́ bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Mo tún rí ihò abẹ́rẹ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó pa oògùn mìíràn tì, kò sì dárúkọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi, ó ní a dúpẹ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ kò rí ibi tó máa bà lé. Mo ń dín ìbú àwọn aṣọ mi kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gé ẹ̀gbẹ́ wọn kúrò, mo ń kó àjákù wọn sínú àpò kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. Ọkọ tí mo ń rò pé yóò rí i kò rí i.

Àwọn tó rí i kò rí i bó ṣe rí. Àwọn oníbàárà mi ń kí mi bí ẹni kí ọlọ́fọ̀. Òwe kan wà lẹ́nu wọn tí wọ́n rò pé n kò gbọ́: òjòwú kì í lẹ́ran lára, owú kì í jẹ́ kó sanra. Wọ́n ní ìyàwó ti gba ilé, ìyálé ti ń rù. Ọ̀rọ̀ náà rin títí, ó dé Odomèta, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń dáko. Ó gun alùpùpù wá, ó gbé iṣu àti adìyẹ dání. Bó ṣe rí mi ni ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó mi, ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kò sí ẹni tó ṣe mí, pé dotóò ló ní kí n má jẹun.

"Dotóò wo ló máa ní kí ènìyàn má jẹun nílé ọkọ rẹ̀? Sọ òótọ́ fún mi. Èmi náà ti ní orogún rí. Owú ni."

Bí mo bá ní kì í ṣe owú, mo parọ́. Bí mo bá sì ní owú ni, mo tún parọ́. Mo dákẹ́, ó sì gba ìdákẹ́ yẹn fún èsì. Fúnra rẹ̀ ló pa adìyẹ, fúnra rẹ̀ ló gún iyán, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo tó ń gbẹ. N kò mọ ohun tó ṣòro tó kí ènìyàn kọ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ obìnrin. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ mi kò kan iyán. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì gbà pé májèlé ni mò ń bẹ̀rù nílé yẹn. Kó tó lọ, ó pe ìyàwó sẹ́yìn ilé, ó kìlọ̀ fún un.

Ìyẹn ló bí ọ̀rọ̀ páálí sáṣè kejì. Ìyàwó sunkún fún ọkọ wa pé wọ́n ń fi òun pe apànìyàn, òun tí òun ń se oúnjẹ ọjọ́ òun àti ọjọ́ ẹlòmíràn. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, wàrà òyìnbó, bó ṣe ń pe sáṣè mi, ni ọkọ wa ń rà fún ìyálé ní páálí páálí, òun kò rí ẹyọ kan. Ìdọ́gba dà? Ọkọ mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ìgbà tó tún ti Kútọnu bọ̀, páálí méjì ló gbé dé. Bó ṣe rí èkejì rà, n kò bi í. Ó gbé ọ̀kan fún mi, ó gbé ọ̀kan fún un lójú mi, bí ìgbà tó ń pín aṣọ ọdún.

Mo sọ fún un pé oògùn ni, pé kì í ṣe ẹ̀bùn, pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kí wọ́n tó fún mi.

"Ṣé o kò fẹ́ kó jẹ nínú ohun tí ò ń jẹ ni?" ọkọ mi bi mí.

Kí ni ènìyàn ń fèsì sí ìyẹn? Ká ní ìyàwó fẹ́ fi rọ́pò oúnjẹ ni, màá ti pariwo, kí wọ́n pè mí ní òjòwú bó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé oúnjẹ ni sáṣè náà ń rọ́pò. Tó bá ti jẹun tán pẹ̀lú ọkọ wa, á wẹ ọwọ́, á po sáṣè rẹ̀, á sọ hóró ṣúgà méjì sínú rẹ̀, á máa fi ṣíbí rò ó. Ó ní ó dùn. Ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún. Gbogbo àdúgbò wò wá, wọ́n rí obìnrin méjì tó ń mu ohun kan náà láti inú páálí kan náà, tí ọ̀kan ń gbẹ, tí èkejì ń tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sì parí èrò wọn. Èmi tí mo mọ̀ pé kò sí àṣírí kankan nínú ìyẹ̀fun yẹn ju oúnjẹ tí a kò jẹ lọ, èmi náà ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mò ń jowú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló jowú mi ní gbogbo àkókò yẹn, oníbàárà mi kan tó sanra jù mí lọ. Ìbàdí mi wù ú. Mo ní kó lọ rí dókítà, ó ní òun kò ní ọmọ ní Kútọnu. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú omi ògì àti ọsàn wẹ́wẹ́, kò sì fi oògùn ṣúgà tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé oògùn náà gbọdọ̀ dín. Ó ṣubú nínú ọjà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi oníṣúgà sí i lára kó tó mọ ibi tó wà. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú, òun rò pé mo fẹ́ máa dá lẹ́wà ni.

Nígbà tí àsìkò pé, dókítà ní kí n máa padà sí oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀. Sáṣè kan kúrò, oúnjẹ kan wọlé, títí gbogbo sáṣè fi lọ. Ó fi ọwọ́ mi hàn mí bí ó ṣe yẹ kó rí: ọkà kó má ju ìkúùkù mi lọ, ẹja tàbí ẹran kó má ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ibi tó kù. Ó wá ní kí n lọ ra àwo tèmi, èyí tó kéré, kí n máa bu oúnjẹ mi sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé títí di ìgbà wo.

"Ìyá, títí ni," ó ní.

Mo rà á ní Kútọnu níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo gbé e lé itan, tí mò ń rò pé màá wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ mi padà sọ́wọ́ mi. Mo jí, mo lọ sọ́jà, mo ra adìyẹ ìbílẹ̀ tó le, mo se ọbẹ̀ tí ọkọ mi fẹ́ràn jù, epo yọ lórí rẹ̀ bó ṣe máa ń yọ. Mo ro ọkà, mo bù ú sínú àwo tánńganran, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo ti dín ìbú rẹ̀ kù, aláró olódòdó pupa tó rà fún àwa méjèèjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ rejíìmù. Mo jókòó, orúnkún mi kan tirẹ̀. Mo gbé àwo kékeré mi lé itan.

Ó wo àwo kékeré náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó kú sí ọ̀nà Adakplamè, àyà mi sì ń balẹ̀. Ìka rẹ̀ ti itan adìyẹ wá sí ìhà tèmi. Kò wo ibẹ̀. Itan adìyẹ náà dúró. Ó ṣe díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó wo ẹran náà, ó wò mí.

"O kò ní jẹ ẹ́?"

Mo ní mo ti bu tèmi. Mo fi han án, ẹran wà nínú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká jọ máa jẹun bẹ́ẹ̀, àwo méjì, ẹní kan.

Kò bínú. Ì bá dára ká ní ó bínú. Ó ní, "Ó ti yé mi," ó mú itan adìyẹ náà, ó jẹ ẹ́, ó wẹ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì tó tún jẹ́ tèmi, ó ní kí n kúkú máa bu oúnjẹ òun sínú àwo òun, kí n máa jẹ tèmi nílé ìdáná kí n má baà jìyà. Àánú mi ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mi wà lọ́wọ́ mi, ó ń wọ yàrá mi, kò jẹ mí ní gbèsè ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti yí kan ìyàwó, màá máa gbọ́ ọwọ́ méjì nínú tánńganran, àti ohùn rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà.

Ìyàwó wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé aṣọ aláró olódòdó pupa tirẹ̀ dání. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ó ti há mọ́ òun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ lọ́jà. Mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn ìbàdí rẹ̀. N kò ní láti wo okùn náà, ìwọ̀n ara mi ni, ti ìgbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Mo fa àpò àjákù jáde lábẹ́ tábìlì. Èyí tí mo gé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tèmi wà níbẹ̀, ó gùn tó, ó sì fẹ̀ tó.

Mò ń rán an, ó dúró tì mí. Mo sọ fún un láìgbé ojú sókè.

"Ìyàwó, lọ ní àwo tìrẹ. Má jẹ́ kó máa ti ẹran sí ọ. Mo mọ ibi tó ń lọ."

Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sí ìwọ̀sí lóhùn rẹ̀ rárá.

"Ìyá, ẹ ti jẹ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n jẹ tèmi."

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ ohun tí mo sọ yẹn fún mi nígbà tí mo wà lórí ẹní, màá lé e jáde. Mo rán àjákù aṣọ mi mọ́ aṣọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo rán an mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mo rán an gún débi pé ojú kò lè rí ibi tí tèmi parí sí. Ó wọ̀ ọ́, ó yí po, ó bá a mu. Ó dúpẹ́, ó tún kúnlẹ̀.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó ní bàbá ti délé, pé ọjọ́ òun ni, àti pé àwo yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi láti àná tí mo fọ̀ ọ́. Mo ní kó lọ mú un nínú yàrá mi, pé ó wà lórí àpótí. Mo ní kó má fi irin fọ̀ ọ́, nítorí ara rẹ̀ ti ń ṣí.